Sífílíìsì kì í sábà yúnni: bí mo ṣe pín kíìtì 50

Kíìtì 50 péré ló kù nínú páálí lọ́jọ́ tí mátírọ́ọ̀nù wa pè mí, ní kílíníìkì ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ níbí. "Kọ àwọn tá a máa gún sílẹ̀ fún mi. Kò ní kárí." Irú èyí tó ń yẹ HIV àti sífílíìsì wò pọ̀ ni. Wàá gún orí ìka, wàá kán ẹ̀jẹ̀ sí i, wàá kán omi tó bá a wá lé e, èsì á yọ láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ní ojú ara ń yún òun la máa ń kọ́kọ́ gún. Mo ṣí rẹ́jísítà, mo rí i pé ìyún ló ń jẹ kíìtì wa tán. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní tọ́lẹ́ẹ̀tì ínfẹ́kṣàn yìí kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀ rárá. Sífílíìsì, tó jẹ́ àrùn ìbálòpọ̀ ní tiẹ̀, kì í sábà yúnni. Egbò rẹ̀ kì í sábà dunni, á jinná fúnra rẹ̀, àrùn á sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ títí á fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú.

Ni mo bá kọ ìbéèrè márùn-ún sínú ìwé: ọkùnrin mélòó láàárín ọdún kan, ṣé ẹ máa ń lo kọ́ńdọ̀mù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó di Ìṣẹ́gun, ọjọ́ aláboyún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n níbi tí wọ́n jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì. (Ọgbọ́n mi nìyẹn o!) Rárá, rárá, rárá ni gbogbo wọn ń wí. Obìnrin kan tó ń ta gààrí ní Ọjà-Ọba wò mí tẹsẹ̀ torí: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ojú mi jọ ti aṣẹ́wó ni?" Ẹni tó jókòó tì í ti fi ìborùn bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ká ìwé mi.

Mo tún un kọ. Gbogbo aláboyún tó bá wá fún ìgbà àkọ́kọ́, a ò ní yọ ẹnì kan sílẹ̀. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, náà ní ká ṣe nìyẹn. Tá a bá tètè rí sífílíìsì, abẹ́rẹ́ bẹnsatáìnì pẹnisílíìnì lè gba ìyá àtọmọ là. Àyàfi ẹni tó ti gba ìtọ́jú sífílíìsì rí: a ò ní fi kíìtì yìí ṣòfò lé e lórí, torí ìlà sífílíìsì tó ń yọ lórí kíìtì kì í sábà parẹ́ mọ́, bí ara ẹni náà tilẹ̀ ti yá. Nígbà tó kan ìyá onígààrí, mo ní, "Gbogbo yín ni, mà, àti ìyàwó pásítọ̀ tó wà lẹ́yìn yín." Ó na ìka.

Mo ya 10 sọ́tọ̀ fún àwọn ọkọ. Tá a bá tọ́jú ìyàwó tí a ò tọ́jú ọkọ, ilé náà ló ti máa tún un kó.

Àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì pé 25 ló ń dùn mí. Àtọ̀sí àti kilamídíà, àrùn ìbálòpọ̀ méjì, ló ń bá wọn jà jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í mọ nǹkan kan lára, kíìtì wa ò sì rí méjèèjì. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé ká máa fi wọ́n ránṣẹ́ síbi tí ẹ̀rọ tó lè rí àrùn méjèèjì wà. Mátírọ́ọ̀nù ò tíì fọwọ́ sí i.

Nínú kíìtì àwọn ọkọ, méjì la tíì lò. Ọ̀kan dé lẹ́yìn tá a ti palẹ̀ mọ́, kò pa ọ̀kadà rẹ̀, ó ní ṣé mo lè gún òun níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Mo ní kó pa á, kó wọlé wá jókòó.