Ẹ Má Tíì Ra Máìkì Mìíràn: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Fi Ohùn Tẹ̀wé

Ó ti sú mi. Gbogbo ìgbà ni ẹnìkan tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa kọ ohun tó bá ń sọ ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa lọ́nà Ọba Adésídà ní Àkúrẹ́, tòun ti máìkì tuntun nínú páálí, tí yóò ní kọ̀ǹpútà òun ò gbọ́ ohùn òun síbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sóhun tó ṣe máìkì àtijọ́.

Èkíní, ẹ má náwó kí ẹ tó mọ ibi tí ohùn ti há. Lórí Windows 11, ẹ ṣí Settings, System, Sound, kí ẹ wo abẹ́ Input. Ẹ sọ̀rọ̀. Bí ìlà tó wà níbẹ̀ bá ń lọ sókè sódò, ara máìkì yín yá. Bí kò bá mira, ó lè jẹ́ íápíìsì Bluetooth inú báàgì yín ni kọ̀ǹpútà ń tẹ́tí sí. Ẹ wo bọ́tìnnì tí wọ́n ya máìkì sí lórí kíbọ́ọ̀dù náà: bí iná rẹ̀ bá tàn, lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, ẹ ti pa máìkì nìyẹn.

Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì fẹ́ kọ ìtàn ìdílé wọn. Ìka ń dùn wọ́n, ni wọ́n ṣe fẹ́ máa fẹnu sọ ọ́. Íápíìsì mẹ́ta ni wọ́n kó wá.

“Ọmọ mi, gbogbo ẹ̀ ló ti bàjẹ́.”

“Rárá o, Bàbá. Ẹ jẹ́ n wo ẹnu wáyà wọn, sà.”

Ìlà dúdú mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan: íápíìsì fóònù ni, gbígbọ́ àti sísọ wà lẹ́nu kan náà. Kọ̀ǹpútà tiwọn, orí tábìlì ló ń gbé, ihò méjì ló ní: aláwọ̀ ewé fún gbígbọ́, pínńkì fún máìkì. Bí wọ́n ṣe ń kì í bọ ihò aláwọ̀ ewé, wọ́n ń gbọ́ orin, àmọ́ kọ̀ǹpútà ò gbọ́ wọn. Wáyà kékeré tó ń pín ẹnu kan sí méjì ló yanjú ẹ̀. (Íápíìsì tó ní ìlà méjì péré, kò ní máìkì rárá, ẹ má rà á.) Ẹni tó tà á ò bi wọ́n léèrè irú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní. Owó ìfẹ̀yìntì ni ó gbà lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹta! Ó ń dùn mí títí dòní.

Ìkejì, àṣẹ láti lo máìkì. Nínú Settings náà, ẹ wo Microphone lábẹ́ Privacy & security, kí ẹ sì tan ti desktop apps (àwọn ètò bíi Chrome) tó wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ Block nínú Chrome rí, kò ní bi yín mọ́; ẹ tẹ àmì tó wà lápá òsì àdírẹ́sì kí ẹ yí i padà.

Ìkẹta, Windows pẹ̀lú H, bọ́tìnnì méjì tí ẹ ń tẹ̀ pọ̀ kí Windows lè máa kọ ohun tí ẹ bá sọ, ò ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Voice access, ètò Windows mìíràn tó ń fi ohùn kọ̀wé, tó wà láti ẹ̀yà 22H2 ti Windows 11, kì í bèèrè dátà lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé èdè rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ fi kọ́sọ̀ (ìlà kékeré tó ń ṣẹ́jú) síbi tí ẹ fẹ́ kọ̀wé sí kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Ẹ má sì fi imú sọ̀rọ̀ bí òyìnbó. Voice typing, ibi tí wọ́n ti ń fi ohùn kọ̀wé nínú Google Docs, ní English (Nigeria). Ẹ yan ìyẹn, kí ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé. Windows pẹ̀lú H ò gbọ́ Yorùbá, ẹ má fagbára mú un.

Ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Ẹ má jẹ́ kí fáànù fẹ́ lu máìkì.

Èyí tó burú jù: àwọn tó ń ní kí ẹ fọ́máàtì kọ̀ǹpútà nítorí máìkì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan pàdánù gbogbo iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ báyẹn, máìkì náà ò sì fọhùn. Ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tún un tàn ná. Bí kò bá gbà, ẹ lọ sí Device Manager, ibi tí Windows to àwọn ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà sí, ẹ yọ ẹ̀rọ ohùn kúrò níbẹ̀, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Windows yóò dá a padà fúnra rẹ̀. Ẹ kó fáìlì yín sórí fláàṣì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.