Bí mo ṣe pààrọ̀ bátìrì inú kásẹ́ẹ̀tì Super Famicom tí séèfù àtijọ́ kò sì sọnù

Kásẹ́ẹ̀tì tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí ni Dragon Quest V, géèmù orí Super Famicom (ẹ̀rọ géèmù Nintendo), tí Enix gbé jáde ní Japan lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1992. Ó ṣì ń ṣí, ó ṣì ń séèfù (ìyẹn ni pé ó ń tọ́jú ibi tí a bá géèmù dé), àmọ́ bátìrì inú rẹ̀ ti ń lọ sópin. Irú rẹ̀ ló yẹ kéèyàn tètè mójú tó. Èyí tí bátìrì rẹ̀ ti kú pátápátá kò ní nǹkan kan tó kù láti dù: ẹ pààrọ̀ bátìrì, ẹ bẹ̀rẹ̀ géèmù láti ìbẹ̀rẹ̀, ó tán. Èyí tí ẹ̀mí díẹ̀ ṣì kù lára rẹ̀ ni iṣẹ́ ń bẹ lórí rẹ̀.

Géèmù fúnra rẹ̀ wà nínú áísì tó ń jẹ́ ROM, èyí tí kò nílò iná láti rántí ohun tó wà nínú rẹ̀. Séèfù ni kò sí níbẹ̀. Inú áísì mìíràn tó ń jẹ́ SRAM ló wà, SRAM sì máa ń gbàgbé ohun gbogbo tí iná bá ti kúrò lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jó bátìrì CR2032, tó rí pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, mọ́ bọ́ọ̀dù pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì yíyọ́. Bátìrì yìí jẹ́ 3V, agbára rẹ̀ sì tó nǹkan bí 220 mAh, ìyẹn 220,000 µAh. SRAM tí wọn ò lò lọ́wọ́ máa ń fa nǹkan bí 1 µA péré. Ẹ pín in: wákàtí 220,000 ni yóò fún yín, ìyẹn nǹkan bí ọdún 25. Super Famicom jáde lọ́jọ́ 21 oṣù Kọkànlá, ọdún 1990, nítorí náà kásẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn tí bátìrì àkọ́kọ́ ṣì wà nínú rẹ̀ ti ń jẹ èlé ọjọ́.

Àwọn kan á ní kí ló kàn wá nínú séèfù ọmọ ọlọ́mọ. Ó kàn mí gan-an. Lórí Famicom, ẹ̀rọ tó ṣáájú Super Famicom, Dragon Quest kìíní àti ìkejì kò ní bátìrì. Ọ̀rọ̀ aṣínà gígùn ni àwọn ọmọdé ń dà kọ sínú ìwé. Láti orí ìkẹta, lọ́dún 1988, ni séèfù ti wọ inú kásẹ́ẹ̀tì lábẹ́ orúkọ Bōken no Sho. Orúkọ tí ẹni tó kọ́kọ́ ra kásẹ́ẹ̀tì náà fún akọni rẹ̀, ibi tó bá ìrìn àjò dé àti ohun tó kó jọ, gbogbo rẹ̀ ṣì ń bẹ níbẹ̀. Lójú mi, apá kan ọjà ni, bíi páálí àti ìwé ìlànà tó bá a wá, ẹni tó bá ń ṣa kásẹ́ẹ̀tì jọ kò sì gbọ́dọ̀ nù ún dànù láì kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Nítorí náà, kí n tó fọwọ́ kan síkúrù, mo kọ́kọ́ ka séèfù jáde. Ẹ̀rọ tí mo lò ni Sanni Cart Reader, èyí tí àwòrán bí wọ́n ṣe ń tò ó wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀. Retrode náà lè ṣe iṣẹ́ yìí. Eyín kásẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ nù. Igi òwú tí a fi ń nu etí àti sípíríìtì isopropyl 99% ni mo lò. Mo ń nù ún sókè sódò títí òwú fi ń jáde ní funfun, mo sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ má ṣe fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Omi ẹnu ló ń wọ ibẹ̀, òun ló sì ń mú eyín náà dípẹtà. Ihò Super Famicom ní eyín 62, àmọ́ 46 tó wà láàárín nìkan ni ọ̀pọ̀ géèmù ń lò. Àwọn tó ní áísì àkànṣe, bíi Super FX àti SA-1, ló ń lo èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí náà irú àwọn yẹn gba kéèyàn nù wọ́n dé ìkángun.

Mo ka séèfù náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi fáìlì .srm méjèèjì (ẹ̀dà séèfù tí ẹ̀rọ kà jáde) wé ara wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ bára mu láìku báìtì kan. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ìdọ̀tí ṣì wà lójú eyín, ẹ padà lọ nù ún. Bí gbogbo fáìlì bá jẹ́ FF tàbí 00 láti òkè délẹ̀, ẹ̀rọ kò rí SRAM kà rárá, tàbí kí séèfù ti kú tipẹ́. Mo ka ROM náà jáde, mo fi méjèèjì sínú Snes9x, ètò tó ń ṣe bí ẹ̀rọ Super Famicom lórí kọ̀ǹpútà, mo sì rí orúkọ akọni náà lójú ìbẹ̀rẹ̀ géèmù. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé séèfù ti wà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn èèyàn ń lò tí n kò fọwọ́ sí: wọ́n á ki bọ́ọ̀dù bọ ẹ̀rọ géèmù, wọ́n á tan iná, wọ́n á wá máa jó bátìrì kúrò nígbà tí iná ẹ̀rọ ń gbé SRAM ró. Ó lè bọ́ sí i. Àmọ́ orí áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì sábà máa ń so mọ́ ilẹ̀ nípasẹ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Bí ẹ̀rọ géèmù náà bá tún bá ilẹ̀ pàdé nípasẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, ibi tí áyọ́ọ̀nù bá fọwọ́ kàn lórí ọ̀nà iná lè ṣe ṣọ́ọ̀tì. Lẹ́ẹ̀dì tó bá kán sí àárín ẹsẹ̀ áísì náà lè ba áísì ọ̀hún jẹ́. Ẹni tó bá ti ní ẹ̀dà séèfù kò nílò ewu yẹn.

Síkúrù méjì tó dé kásẹ́ẹ̀tì kì í ṣe irú tí síkúrúdíráfà ilé lè tú. Gamebit 3.8 mm, irinṣẹ́ tí a fi ń tú irú síkúrù yìí, ni ẹ nílò, 4.5 mm ni ti ẹ̀rọ géèmù fúnra rẹ̀, ẹ ra méjèèjì pọ̀. Ẹ má ṣe gbọ́ ti àwọn tó ní kí ẹ yọ́ ìdí bírò mọ́ orí síkúrù: ọ̀rá tó yọ́ náà á dí ihò rẹ̀, gamebit gidi kò sì ní wọlé mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì Famicom àtijọ́ kò ní síkúrù ní tirẹ̀, ṣe ni ike rẹ̀ há mọ́ra. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ ó fi là á díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe irin, nítorí irin máa ń bu ètè rẹ̀ jẹ.

Nígbà tí bọ́ọ̀dù jáde, mo ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, mo sì ka nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SHVC. Nọ́ńbà yẹn ń sọ̀rọ̀. Nínú SHVC-1A3M, 1 ni iye áísì ROM, A ni irú ètò ROM tí wọ́n ń pè ní LoROM (J ni HiROM), 3 sì ni ìwọ̀n SRAM. Bí ó bá jẹ́ 0, kò sí SRAM. 1 dúró fún báìtì 2,048, 3 fún 8,192, 5 fún 32,768. Fáìlì .srm tí ẹ kà jáde gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n yìí mu. Bí ẹ bá rí bọ́ọ̀dù tí kò ní SHVC lára, tí àwọn áísì rẹ̀ sì fara pamọ́ sábẹ́ ọ̀dà dúdú, ayédèrú ni wọ́n tà fún yín.

Mo fi mítà wọn bátìrì àtijọ́ náà: ó ti wálẹ̀ ju 2.7V lọ. SRAM irú èyí nílò ó kéré tán 2V kó tó lè di ohun tó mọ̀ mú, diode tó wà láàárín (ohun tí kì í jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn) sì ń jẹ díẹ̀ nínú fóòtì bátìrì. Tí bátìrì bá ti ń sún mọ́ 2.5V, ẹ má ṣe dúró mọ́.

Mo gbé áyọ́ọ̀nù sí 350°C. Kí n tó fà á, mo kọ́kọ́ kán lẹ́ẹ̀dì tuntun 63/37 àti flux díẹ̀ (ohun tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì mú) sórí ibi méjèèjì tí etí bátìrì ti wọ bọ́ọ̀dù. Lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ á tètè yọ́ bó bá pò mọ́ tuntun, torí 183°C ni tuntun ti ń yọ́. Ẹ̀gbẹ́ rere tètè gbà. Ẹ̀gbẹ́ òdì ló máa ń ṣagídí: ó so mọ́ kọ́pà gbòòrò tó tẹ́ sábẹ́ bọ́ọ̀dù, kọ́pà yẹn sì ń gba ooru lọ. Mo gbé áyọ́ọ̀nù sí 380°C fún ìyẹn nìkan, mo lo orí tó fẹ̀, mo sì fi sọ́kà fa lẹ́ẹ̀dì jáde nígbà tó yọ́ tán. Bí etí kò bá tíì mì, ẹ má fà á. Ẹni tó bá fi agbára fà á á rí i pé òrùka kọ́pà ti bá a jáde, ó sì di kó máa fi wáyà tún ọ̀nà iná ṣe.

Bátìrì tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ elétí, ìyẹn èyí tí ilé iṣẹ́ ti jó etí irin mọ́ lára tẹ́lẹ̀. Panasonic wà lára àwọn tó ń ṣe é. Ẹ má ṣe jó lẹ́ẹ̀dì tààrà sára bátìrì lásán, ooru máa ń bà á jẹ́ nínú, ó sì lè bẹ́. Ẹ má sì ra LIR2032, tó jẹ́ ti chájì: fóòtì rẹ̀ ga, ó tètè ń dà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, diode inú kásẹ́ẹ̀tì kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀rọ chájì rẹ̀. Àwọn tó ń fi tẹ́ẹ̀pù di bátìrì mọ́ etí àtijọ́ ń wá wàhálà, torí gọ́ọ̀mù tẹ́ẹ̀pù á rọ̀, bátìrì á mì, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sì ti tó láti nu séèfù. Tèmi wọn 3.3V kí n tó fi sí i. Àmì + àti − wà lára bọ́ọ̀dù. Mo fi í wé fọ́tò, mo jó o, mo fi sípíríìtì nu flux kúrò.

Kí n tó dé e pa, mo wọn ẹsẹ̀ SRAM. Lórí SRAM ẹlẹ́sẹ̀ 28, ẹsẹ̀ 28 ni rere, 14 ni òdì. Lórí ẹlẹ́sẹ̀ 24, 24 àti 12 ni. Ó yẹ kí ẹ rí fóòtì tó dín díẹ̀ sí ti bátìrì. Bí ó bá jẹ́ òdo, ẹ ti fi bátìrì sí i lódì tàbí kí lẹ́ẹ̀dì má mú. Ẹ tún wá resistor (ohun tó ń dín ìṣàn iná kù) tó wà lójú ọ̀nà bátìrì, kí ẹ wọn fóòtì orí rẹ̀: bó bá jẹ́ 1 kΩ, 1 mV túmọ̀ sí 1 µA. Tí ó bá ń fa µA mẹ́wàá tàbí ogún, flux tí kò tíì mọ́ ló sábà máa ń fà á, bátìrì tuntun náà kò sì ní pẹ́.

Mo kọ fáìlì .srm padà sínú SRAM, mo tún kà á jáde láti rí i pé kò yí padà, mo sì fi kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí n tó fi sínú ẹ̀rọ. Níbi ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Iná 100V ni adápítọ̀ Japan ń fẹ́. Ẹni tó bá kì í bọ iná 240V ní Ìbàdàn tàbí ní London ti jó o nìyẹn. Super Famicom ń fẹ́ DC 10V, 850 mA, òdì ló sì wà láàárín ẹnu rẹ̀. Adápítọ̀ DC 9V tó tó 1A ń gbé e dáadáa, regulator inú rẹ̀, tó ń dín fóòtì kù sí 5V, kì í sì gbóná púpọ̀. Bí ẹ bá fi èyí tí rere wà láàárín sí i, fíúsì kékeré 1.5A inú rẹ̀ lè jó. Ti NES (Famicom tí wọ́n tà lẹ́yìn odi Japan), tí ń gbé AC jáde, kò yẹ kó débẹ̀ rárá.

Mo tan iná, Bōken no Sho jáde pẹ̀lú orúkọ náà. Ẹni tó bá gbọ́ orin ègún Dragon Quest dípò ìyẹn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé ìwé ìrìn àjò ti pa rẹ́, kó padà lọ wọn ẹsẹ̀ SRAM.

Síkúrù kò nílò agbára nígbà tí ẹ bá ń dé e padà: inú ike ni wọ́n ń wọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn títí ẹ ó fi gbọ́ tó ṣe "kì", kí ẹ tó yí i síwájú, kó lè wọ ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́. Mo kọ oṣù àti ọdún tí mo pààrọ̀ bátìrì sórí bébà kékeré, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ike.

Ọ̀nà kan náà ni fún Game Boy, gamebit 3.8 mm náà ni, àmọ́ ẹ ka nọ́ńbà bátìrì kí ẹ tó ra tuntun. CR2025 ló wà nínú Pokémon Gold àti Silver ti 1999, bátìrì náà ló sì ń gbé aago inú wọn ṣiṣẹ́, èyí tó fi ń tètè kú ju ti Super Famicom lọ. Lórí Super Famicom fúnra rẹ̀, Tengai Makyou Zero ti 1995 ní aago tirẹ̀, nítorí náà ẹ tún aago rẹ̀ tò lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ bátìrì, bí séèfù bá tilẹ̀ padà bọ̀ sípò.