Èéfín Kò Mọ Ọgbà: Àṣìṣe Tí Àwa Yorùbá Tó Wà ní England Ń Ṣe Lórí Èéfín, Igi àti Ilẹ̀

Lọ́jọ́ tí a sọ ọmọ mi kejì lórúkọ, ẹ̀yìnkùlé la ti dáná ìrẹsì. Àwọn ìyá wa ní ìrẹsì òde tí kò bá gba èéfín sára kò tíì jiná, ni bùrọ̀dá kan bá kó páálẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dà nù níbi iṣẹ́ rẹ̀ wá. A là á, a kó o sábẹ́ ìkòkò. Kò tíì tó wákàtí kan tí aládùúgbò wa fi kan ilẹ̀kùn, màmá òyìnbó kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà. Kò pariwo. Ó ní ọmọ-ọmọ òun tó wá kí òun ní asthma, ó ti fa inhaler lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sì tíì mí dáadáa. Ojú ẹsẹ̀ la bu omi paná.

Ìwé tí káńsù fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ kejì kò dùn mí tó bí màmá yẹn ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, tó ń tọrọ atẹ́gùn fún ọmọ. Látìgbà náà ni mo ti ń ka òfin ìjọba lórí afẹ́fẹ́, igi àti ilẹ̀, mo sì rí i pé àṣìṣe náà kì í ṣe tèmi nìkan. A ti gbà pé ohun tó bá wà nínú ọgbà wa, tiwa ni. Ilé lè jẹ́ tiwa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èéfín tó fò kọjá ọgbà, igi tó ti wà níbẹ̀ kí a tó dé, ilẹ̀ tó lo ẹgbẹ̀rún ọdún kó tó di ilẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ní ìpín nínú wọn. Òfin England ni mo ń sọ o. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní tiwọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Glasgow tàbí Cardiff, ẹ bi káńsù yín.

Ẹ má sọ pé "igi ni, kì í ṣe kẹ́míkà"

Gbólóhùn yìí ni mo máa ń gbọ́ jù. Ohun tó burú jù nínú èéfín igi kò ṣeé fojú rí. Eruku kan ni, PM2.5 ni wọ́n ń pè é, ó sì kéré débi pé irun orí kan ṣoṣo nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po bí 30. Irun imú kò lè dá a dúró. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ tààrà, ó sì ń gba ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Iná tí àwọn èèyàn ń dá nínú ilé wà lára ibi tó tóbi jù lọ tí eruku yìí ti ń jáde nílẹ̀ yìí. Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan.

Àwọn òyìnbó fi ẹ̀mí kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní oṣù Kejìlá 1952, kùrukùru èéfín bo London fún ọjọ́ márùn-ún, èéfín èédú ilẹ̀ tí ilé àti ilé iṣẹ́ ń sun lójú òtútù. Ìṣirò àkọ́kọ́ ní èèyàn bí 4,000 ló kú. Àwọn tó padà ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ní ó lè tó 12,000. Láti inú ikú yẹn ni òfin Clean Air Act ti 1956 ti jáde, òun ló sì fún káńsù lágbára láti ya àdúgbò kan sọ́tọ̀ pé èéfín kò gbọdọ̀ jáde lórí ilé níbẹ̀. Smoke control area ni orúkọ rẹ̀. Apá tó pọ̀ jù nínú London àti ọ̀pọ̀ ìlú ńlá wà lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé ibẹ̀ láìmọ̀.

Bí ilé tí ẹ háyà bá ní ibi ìdáná àtijọ́ nínú pálọ̀, ẹ má kàn ra igi kí ẹ ṣáná sí i. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ sun igi àfi nínú sítóòfù tí ìjọba fọwọ́ sí. Bí èéfín bá ń jáde lójú ihò òrùlé yín, káńsù lè bu owó ìtanràn £175 sí £300 lé yín lórí. Ẹni tó bá ra ohun ìdáná tí wọn kò fọwọ́ sí láti sun nínú sítóòfù tí kò yẹ lè san tó £1,000. Láti oṣù Karùn-ún 2021, igi tí wọ́n ń tà ní àpò kéékèèké gbọ́dọ̀ ní àmì "Ready to Burn", ìyẹn ni pé omi inú rẹ̀ kò ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Igi tútù ń kú èéfín ju igi gbígbẹ lọ, kò sì ní ooru. Ìyá àgbà yín ní ilé mọ èyí kí ìjọba kankan tó kọ ọ́ sínú ìwé. Èédú ilẹ̀ tí àwọn ará àtijọ́ ń sun, wọ́n ti fòfin de títà rẹ̀ fún ìdáná ilé pátápátá láti 2023.

Ti páálẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Ẹ wo àmì tí wọ́n lù sára rẹ̀. HT túmọ̀ sí pé ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀. MB túmọ̀ sí pé methyl bromide ni wọ́n fín sí i, májèlé ni. Èyí tí kò ní àmì, ẹ kò lè mọ ohun tó ti dà sí i lára lójú ọ̀nà. Pákó tí wọ́n kùn, ilẹ̀kùn àtijọ́, pákó ọgbà tó ti jẹ oògùn ikán: ẹ má fi dáná, ká má tíì sọ pé ẹ ó gbé oúnjẹ lé e.

Yíyan ẹran ní ìta kò lòdì sí òfin smoke control area, bí èéfín rẹ̀ kò bá ti gba ihò òrùlé ilé jáde. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n rò pé àyè gbà wọ́n. Òfin mìíràn wà láti 1990: bí èéfín bá ń yọ aládùúgbò lẹ́nu léraléra, káńsù lè pàṣẹ kí ẹ dá a dúró, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni láti kọ etí ikún sí àṣẹ náà. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú. Ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ohun kan tí mo bẹ̀ yín lórí rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi: bí òjò bá dé, ẹ má gbé èédú tó ń jó wọlé, ẹ má gbé e sínú gáréèjì, ẹ má gbé e sínú àgọ́. Carbon monoxide, gáàsì olóró tó ń jáde lára èédú tó ń jó, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, oorun ló fi ń gbé èèyàn lọ. Èédú tí ẹ rò pé ó ti kú ṣì ń tú u jáde fún wákàtí púpọ̀.

Ẹ má ka ọ̀rọ̀ ULEZ sí ọ̀rọ̀ owó nìkan

ULEZ ni agbègbè tí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ burú ju ìwọ̀n òfin lọ ti ń sanwó kó tó rìn. Mo mọ̀ pé £12.50 lójúmọ́ ń dun ẹni tó ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ òru. Láti 29 oṣù Kẹjọ 2023, gbogbo London pátá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àṣìṣe tó ń náni lówó jù ni kí èèyàn ra ọkọ̀ dísù (diesel) olówó pọ́ọ́kú láìwo nọ́ńbà rẹ̀ lórí íkànnì Transport for London. Dísù tí wọ́n ṣe ṣáájú oṣù Kẹsàn-án 2015 sábà máa ń kùnà. Ti pẹtiróò, láti bíi 2005 wá ló máa ń yege. Àṣìṣe kejì ni aago: láti ọ̀gànjọ́ dé ọ̀gànjọ́ ni wọ́n ń ka ọjọ́ kan. Ẹni tó jáde ní aago mẹ́wàá alẹ́ tó wọlé ní aago kan òru ti jẹ gbèsè ọjọ́ méjì. Birmingham, Bristol, Bath àti àwọn ìlú kan tún ní tiwọn, iye rẹ̀ sì yàtọ̀ síra.

Ṣùgbọ́n kí a tó bínú, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ọmọ kan. Ella Adoo-Kissi-Debrah ni orúkọ rẹ̀. Ní Lewisham ló ń gbé, nítòsí ọ̀nà South Circular tí ọkọ̀ kì í dá lórí rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà 30 tí wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn nítorí asthma. Ó kú ní oṣù Kejì 2013, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìyá rẹ̀, Rosamund, kò gbà kí wọ́n bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2020, adájọ́ tó ń wádìí ikú sọ pé afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin wà lára ohun tó pa á, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irú àdúgbò Ella ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá, níbi tí owó ilé ti rọ̀. Àwọn ọmọ wa ni òfin yìí wà fún ju ẹlòmíràn lọ.

Ìjọba ti pinnu pé nígbà tí ọdún 2040 bá fi máa parí, PM2.5 kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan ní England. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 5 ni kó jẹ́. Lójú tèmi, 2040 ti jìnnà jù: ọmọ tí a bí lónìí á ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì nígbà yẹn.

Ẹ má pe agégi kí ẹ tó pe káńsù

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èèyàn ra ilé, ó rí igi ńlá lẹ́yìn ilé, ewé rẹ̀ ń dí ojú ọ̀sọ̀rọ̀, ó rò pé ìjì yóò wó o lu yàrá àwọn ọmọ. Ó pe ẹni tó ní ayùn. Bí igi náà bá wà lábẹ́ Tree Preservation Order, ìyẹn àṣẹ tí káńsù fi ń dáàbò bo igi, gígé ẹ̀ka rẹ̀ láìgbàṣẹ ti tó ẹjọ́, bíba gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ náà sì tó. Bí ó bá kú, kò sí òdiwọ̀n fún owó tí ilé ẹjọ́ lè bù lé ẹni náà. Tí àdúgbò náà bá jẹ́ conservation area, ìyẹn àdúgbò tí wọ́n ń dáàbò bo ẹwà àti ìtàn rẹ̀, igi tí ìdí rẹ̀ nípọn tó 75 mìlímítà ní ìwọ̀n mítà kan àbọ̀ sókè, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ fún káńsù ṣáájú. Ọ̀pọ̀ káńsù ní máàpù rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìṣẹ́jú márùn-ún ló gbà láti wò ó.

Ẹni tó ra ilẹ̀ igbó tàbí oko yàtọ̀. Forestry Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó igbó, ló ń fún un ní ìwé àṣẹ bí igi tó fẹ́ gé bá ju kúbíìkì mítà 5 lọ láàárín oṣù mẹ́ta tí òfin ń kà pọ̀. Àwọn kan gbọ́ pé igi inú ọgbà ilé kò nílò ìwé yìí, wọ́n sì rò pé Tree Preservation Order náà kò kàn wọ́n. Òfin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ wo orí igi náà pẹ̀lú: bí ẹyẹ bá ń kọ́ ìtẹ́ síbẹ̀ tàbí ó ń pa ẹyin, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti mọ̀ọ́mọ̀ tú u.

Ẹ má fojú àbàtà lásán wo píìtì

Peat, píìtì, ni ilẹ̀ dúdú rírọ̀ tí ewéko òkú kóra jọ sí nínú omi láìjẹrà tán. Mìlímítà kan péré ló ń fi ga lọ́dún. Èyí tó jìn dé ìbàdí yín ti ń kóra jọ láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún, ká tó gbọ́ pé òyìnbó kankan dé èbúté Èkó. Èyí tó wà ní Britain àti Northern Ireland gbé ju bílíọ̀nù mẹ́ta tọ́ọ̀nù kábọ̀n mọ́lẹ̀. Tí ó bá tutù, ó dì í mú. Tí ó bá gbẹ tàbí jó, kábọ̀n náà ń lọ sókè bí gáàsì tó ń mú ayé gbóná.

Ìjọba pàápàá ti ṣàṣìṣe lórí rẹ̀. Ní àríwá Scotland, ní Flow Country, ìdẹ̀rùn owó orí ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 mú kí àwọn olówó gbin igi páìnì àti irú rẹ̀ sórí píìtì. Wọ́n la kòtò, wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ. Owó ńlá ni wọ́n ti ń ná láti hú àwọn igi yẹn padà, ibẹ̀ sì di ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dọ̀ UNESCO ní 2024. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ àti ìjọ tí ẹ máa ń ṣètò ọjọ́ igi gbíngbìn, iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló ń fẹ́ igi.

Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń kó wa sí wàhálà jù. A wa ọkọ̀ kúrò ní Manchester tàbí Leeds lọ sórí òkè, a ra àwo fóìlì tí èédú ti wà nínú rẹ̀ ní súpámákẹ́ẹ̀tì, a gbé e lé orí koríko, a sun sọ́sẹ́ẹ̀jì, a lọ sílé. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Píìtì gbígbẹ ń jó lábẹ́ ilẹ̀, ẹ ó ti dé ilé kí ó tó yọ níbòmíràn. Nígbà tí Saddleworth Moor, òkè kan nítòsí Manchester, jó ní oṣù Kẹfà 2018, àwọn ará ilé tó wà nítòsí sá kúrò, wọ́n sì kó ọmọ ogun bí ọgọ́rùn-ún wá ran àwọn panápaná lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ káńsù tó ní irú òkè bẹ́ẹ̀ ti fòfin de iná dídá níbẹ̀. Ẹ gbé jọ̀lọ́ọ̀fù sínú kúlà lọ. Bí ẹ bá rí èéfín tó ń yọ nínú ilẹ̀, ẹ pe 999, ẹ má fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa.

Èyí tó kù wà nínú àpò tí a fi ń gbin ewédú àti ata. Ìjọba sọ ní 2022 pé òun yóò fòfin de títà píìtì fún àwọn tó ń dáko ẹ̀yìnkùlé kí 2024 tó parí. Ọdún náà kọjá, òfin náà kò jáde. Ẹ má dúró dè é. Àpò tí wọn kò bá kọ "peat-free" sí gbangba lè ní píìtì nínú, kódà bí àwòrán ewé tútù bá kún ara rẹ̀. Mo ti ń lo èyí tí kò ní píìtì láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Òkè rẹ̀ máa ń gbẹ kíákíá nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì tutù, nítorí náà ẹ ki ìka bọ̀ ọ́ kí ẹ tó bu omi, ẹ máa bu díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ajílẹ̀ lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ata rodo mi so dáadáa. Ewédú lọ́ra díẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, títí mo fi gbé e wọ abẹ́ gíláàsì.