Ẹ wá ẹnìkejì àti iṣẹ́ kan fún ọmọ tuntun kí ilẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣú

Ẹ̀yin olùkọ́ àti mátírọ́nù tí ẹ ń bójú tó ọmọ bọ́dìn ní Èkìtì, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí àárò ilé má bàa sọ ọmọ JSS1 jù, lọ́jọ́ tó bá dé gan-an, ẹ fún un ní ọmọ JSS2 kan tí yóò máa bá a rìn, àti iṣẹ́ kékeré kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, bíi lílu agogo oúnjẹ alẹ́. Àárò ilé kì í sábà sọ ọmọ nínú kíláàsì. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń sọ ọ́, àti ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí ọwọ́ dilẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń retí níbì kan kì í ráyè jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kó máa sunkún. JSS2 ni mo wí o, kì í ṣe síníọ̀ SS2: kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ “school father”, ìyẹn síníọ̀ tó ń ṣe bíi bàbá fún ọmọ kékeré ní bọ́dìn, á ti di omi pípọn àti aṣọ fífọ̀. Bó bá jẹ́ Èkó lọmọ ti wá, ọmọ Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀mùò ni kẹ́ ẹ fi tì í, kó máa túmọ̀ ẹ̀ka èdè Èkìtì fún un. Ẹni tó gbọ́ “ulé” tí kò mọ̀ pé “ilé” ni, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò jẹun fún ọjọ́ méjì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ̀ sílé, tàbí tó ń sá fún ẹnì kan pàtó, ẹ má pe ìyẹn ní àárò ilé. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, ẹ bi í léèrè, kẹ́ ẹ sì pe òbí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.