Bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ nígbà ọ̀gìnnìtìn tí omi mímu ò fi ní dì

Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ nínú ọ̀gìnnìtìn rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Òùngbẹ ń gbẹ yín, ẹ fa ìgò yọ, ẹ mì ín, ẹ gbọ́ tí omi ń dún nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ gbé e sẹ́nu, ẹ fà á títí, omi ò jáde. Èmi náà ti fi eyín fa ẹnu ìgò bẹ́ẹ̀ rí títí eyín fi kan mí. Omi inú ìgò ò tíì dì o; ẹnu ìgò ló dì.

Torí náà, ọ̀rọ̀ ìgò ló ṣíwájú. Ìgò ike tí wọ́n sábà ń gbé sára kẹ̀kẹ́ ní ẹnu ṣóńṣó kan tí a máa ń fi eyín fà sókè. Omi bíńtín tó bá ṣẹ́ kù síbẹ̀ kì í pẹ́ dì rárá, torí bí omi bá ṣe kéré tó ni òtútù ṣe ń tètè borí rẹ̀ tó. Ẹ mú ìgò ẹlẹ́nu gbàgàdà tó ní ìdérí tí a ń lọ́. Òótọ́ ni pé ẹ ó ní láti dúró kí ẹ tó mu, àmọ́ ìyẹn sàn ju kí ẹ máa gbé yìnyín kiri. Bí ìrìn náà á bá ju wákàtí kan lọ, fúláásìkì onírin ni kí ẹ gbé. Ẹ kàn kọ́kọ́ wò ó bóyá ó wọ inú irin tí ìgò ń dúró sí lára kẹ̀kẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé omi kaná. Omi tó ń hó lè wọ inú fúláásìkì, àmọ́ á mú kí ike rọ̀, torí náà omi tó gbóná bíi tíì tó ṣeé mu ni kí ẹ bù sí ike. Ẹ má bù ú kún dé ẹnu. Bí omi bá di yìnyín, ó máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, ìgò tó kún dẹ́múdẹ́mú sì lè sán.

Kí ẹ tó jáde, ẹ dorí ìgò kodò. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Yìnyín máa ń léfòó, òkè omi ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Bí ẹnu ìgò bá wà nísàlẹ̀, ìdí ìgò ni yìnyín á lọ jókòó sí, ẹnu á sì ṣí sílẹ̀ fún yín. Ẹ kọ́kọ́ dorí rẹ̀ kodò nílé fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ rí i pé kò jò.

Ẹ lè wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn fún ìgò náà. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ìbọ̀sẹ̀ ò lè dá ooru sílẹ̀, ńṣe ló kàn ń dá ooru tó wà nínú omi dúró fúngbà díẹ̀. Ara yín ló ń mú ooru jáde. Ìdí nìyẹn tí ìgò tó wà nínú àpò ẹ̀yìn aṣọ, tí jákẹ́ẹ̀tì bò, fi ń pẹ́ ju èyí tí atẹ́gùn ń fẹ́ lára kẹ̀kẹ́ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé àpò omi kọ́ ẹ̀yìn, róbà tí ẹ fi ń fa omi ló máa kọ́kọ́ dì. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti mu tán, ẹ fẹ́ atẹ́gùn padà sínú róbà náà títí omi inú rẹ̀ á fi padà sínú àpò, kí ẹ wá ti ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ jákẹ́ẹ̀tì.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi iyọ̀ tàbí ṣúgà sínú omi kó má bàa tètè dì. Omi òkun, pẹ̀lú gbogbo iyọ̀ inú rẹ̀, ń dì ní nǹkan bíi -2°C. Tí gíráàmù 60 ṣúgà bá wà nínú lítà omi kan, ìyàtọ̀ tó máa mú wá ò tó 1°C. Ẹ fi sí i bí ẹ bá fẹ́ adùn rẹ̀. Ti ọtí ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, orí kẹ̀kẹ́ lẹ wà.

Ẹ máa mu díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà, bí òùngbẹ ò bá tiẹ̀ gbẹ yín, torí òtútù kì í jẹ́ kéèyàn tètè mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Bí ẹnu ìgò bá wá dì pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ má fi ahọ́n kan irin tó tutù bẹ́ẹ̀, ó lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ti ìgò náà bọ abẹ́ ìyá apá, kí ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tó tún lọ́ ọ.