Àwòrán Shannon, owó ẹyọ mẹ́fà àti igbálẹ̀ kan ṣoṣo

Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Ìjẹ̀bú. Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn lọ bímọ, ọ̀gá wa bá ní kí n di ẹgbẹ́ náà mú títí yóò fi dé. Mo ṣí ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìlà kan péré ni mo bá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: "Models of communication, SS2," ìyẹn àwọn àwòrán tó ń ṣàlàyé bí ìbánisọ̀rọ̀ ṣe ń lọ. Mo rò pé kò le. Ṣebí ó pẹ́ tí a ti ń kọ́ wọn ní ìbánisọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ àti tòde òní nínú Yorùbá.

Ọ̀sẹ̀ kìíní bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ya àwòrán ìbánisọ̀rọ̀ tí Claude Shannon, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ sójú pátákó: ẹni tí ọ̀rọ̀ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, ẹ̀rọ tó fi í ránṣẹ́, ọ̀nà tó gbà, ẹ̀rọ tó gbà á sílẹ̀, ẹni tó ń lọ bá. Gbogbo wọn tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, ọfà so wọ́n pọ̀, ariwo, ìyẹn ohunkóhun tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ lójú ọ̀nà, sì ń ti ìsàlẹ̀ já wọ àárín. Àwọn ọmọ dà á kọ. Mo bi wọ́n léèrè ohun tó yé wọn. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Sà, pé ọ̀rọ̀ ń lọ." Kò kúkú purọ́.

Mo délé, mo wá ohun tí Shannon fúnra rẹ̀ kọ ní 1948 kà. Ìṣirò inú rẹ̀ ju agbára mi lọ, àmọ́ ojú ewé àkọ́kọ́ ti tó mi. Ilé iṣẹ́ ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà ni ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ tẹlifóònù àti tẹligíráàmù ló wà lọ́kàn rẹ̀: báwo ni ohun tí wọ́n fi sẹ́nu wáyà níhìn-ín yóò ṣe jáde lọ́hùn-ún láìbàjẹ́? Ó sọ ọ́ láìfi bò pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò kan ìṣòro tí ẹnjiníà ń yanjú. Warren Weaver, onímọ̀ ìṣirò bíi tirẹ̀, ló wá kọ àlàyé tirẹ̀ mọ́ ọn nínú ìwé tó jáde ní 1949, tó ní a lè nà án dé orí ìtumọ̀ àti ohun tí ọ̀rọ̀ ń ṣe lára ẹni tó gbọ́ ọ. Àṣé àwòrán wáyà ni mo gbé síwájú ọmọ ènìyàn, tí mo ní kí wọ́n wá ara wọn níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo mú ibi tí àwòrán náà ti lágbára jù lọ: ariwo. Mo kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ sí mi nígbà kan sójú pátákó, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́: "Egbon mi, mo ti ra oko. E wa wo o ni Satide." Kí ló rà? Ọwọ́ nà sókè. Oko. Ọkọ̀. Ọkọ́. Ọmọbìnrin kan ní ọkọ ni, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo jẹ́wọ́ fún wọn pé oko lèmi kà á sí, mo wọ bàtà òjò, mo gbé àdá dání, ẹ̀gbẹ́ Corolla kan ni mo ti bá àbúrò mi tó ń fi aṣọ nù ún. Wọn ò jẹ́ kí n gbàgbé àdá yẹn títí sáà fi parí.

Ọ̀kan nínú wọn jiyàn pé ìyẹn kì í ṣe ariwo, nítorí àmì ohùn kò já bọ́ lójú ọ̀nà. Àbúrò mi ni kò fi sí i. Mo gbà fún un. A jọ padà sójú àwòrán, a fi ìka sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́: kò tíì dé ọ̀nà rárá, ibi tí wọ́n ti ń dì í ni. Ìgbà yẹn ni àwòrán náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wúlò fún wa.

Lẹ́yìn náà, mo tò mẹ́rìnlá nínú wọn sórí ìlà kan, mo sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sétí ẹni àkọ́kọ́ pé kí ó sọ ọ́ sétí ẹni tó tẹ̀ lé e, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ògiri. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: "Bá a gúnyán nínú ewé, bá a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó." Ó dé òpin láìfara pa. Ẹ̀kejì kúrú jù ú lọ: "Ilé 47, owó ọkọ̀ 1,350." Ohun tó jáde lẹ́nu ẹni ìkẹrìnlá ni "Ilé 57, owó ọkọ̀ 1,500." Kí ló dé tí èyí tó gùn fi là á já? Nítorí pé bí etí bá pàdánù ìdajì òwe, orí á fi ìdajì yòókù parí rẹ̀. Nọ́ńbà kò ní irú àbò bẹ́ẹ̀. Bí ẹyọ kan bá ti sọnù, ó sọnù nìyẹn.

Àwọn onílù dùndún ti mọ èyí tipẹ́. Ohùn nìkan ni ìlù lè gbé, kò lè pe lẹ́tà kankan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi oríkì àti òwe gígùn sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, wọn a máa ṣì í gbọ́. Àwọn àgbà máa ń sọ ọ́ pé bí ìlù rédíò Ìbàdàn àtijọ́ bá ń pe orúkọ iléeṣẹ́ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí àwọn ará ìlú ń gbọ́ ni "Bólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?"

Harold Lasswell, onímọ̀ ìṣèlú ará Amẹ́ríkà, kò gbà wá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìbéèrè rẹ̀ ti 1948, ta ló sọ̀rọ̀, kí ló sọ, ọ̀nà wo ló gbà, ta ló sọ ọ́ fún, kí ló yọrí sí, dára fún akọ̀ròyìn tó fẹ́ yẹ ìròyìn wò. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Àrokò la fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn nǹkan tí àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀ ẹnu. Mo so owó ẹyọ mẹ́fà mọ́ okùn, mo gbé e lé ọwọ́ ọmọbìnrin kan níwájú. Ó yí i síwá sẹ́yìn. "Sà, ẹ̀gbà ọrùn ni?" Mo ní kí ó kà á. Ọ̀kan, èjì, títí dé ẹ̀fà. Mo ní kí ó tún un pè. "Ẹ̀fà... fà... ọkàn ẹni yẹn fà sí mi!" Ó sọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó. Mo bi wọ́n pé bí òun náà bá gbà, mélòó ni yóò fi dá a lóhùn? Ó gba àkókò díẹ̀ kí wọ́n tó dé orí ẹ̀jọ: ọ̀rọ̀ wa jọ. Ibẹ̀ ni mo ti ya òbìrí méjì ti Wilbur Schramm, onímọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, 1954, èyí tó wọnú ara wọn díẹ̀: ohun tí ẹni méjèèjì jọ mọ̀ ni ọ̀rọ̀ lè dúró lé. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, owó ẹyọ lásán ló rí.

Àwòrán ti Dean Barnlund, onímọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ mìíràn, 1970, kò tilẹ̀ nílò pátákó. Ọmọbìnrin kan ṣe ìyá, ọ̀kan ṣe ọmọ, ọ̀kan ṣe onílé tó gbé ìrẹsì wá. Ọmọ wo ojú ìyá, ìyá ń rẹ́rìn-ín sí onílé, ìyá tún ń fi ojú kan náà kọ̀ fún ọmọ, ọmọ ní òun ti yó. Ta ló ránṣẹ́, ta ló gbà á? Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí Barnlund ń sọ nìyẹn. Wọn ò rí ibi tí wọ́n máa fi orí ọfà sí.

Iṣẹ́ tí mo fún wọn kẹ́yìn ni kí wọ́n fi àrokò ránṣẹ́ sí kíláàsì SS1, láìsí ìwé, láìsí ẹnu. Igbálẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yá, wọ́n bá yọ ẹyọ igbálẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n fi ọmọ kan rán an. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi padà dé. Ẹyọ igbálẹ̀ náà ti di méjì, bébà tí wọ́n ti fún rìdìrìdì sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn SS1 kà á sí pé wọ́n ní ọ̀bùn làwọn.

"Sà," ọmọkùnrin ẹ̀yìn yẹn ní, "èsì kò sí nínú àwòrán Shannon."

Mo ní òótọ́ ni, mo dìde, mo lọ fi ẹnu ara mi bẹ SS1.