Bí Mo Ṣe La Ọ̀nà Fún Ọ́ìlì Láti Jáde Lára Tọ́bò Mi

Ọkọ̀ mi kò bá tọ́bò, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń yí láti fi fún atẹ́gùn púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, jáde láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é; èmi ni mo gbé e sí i. Mo gé páìpù irin, mo jó wọn pọ̀ di ọ̀nà èéfín tuntun fún ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà 4 náà, mo gbé tọ́bò lé e, mo sì fa ọ́ìlì wá bá a láti ojú ihò tí síwíìṣì ọ́ìlì ń gbé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan án, inú mi dùn débi pé mi ò tètè wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó tó bí ìṣẹ́jú 10 tó ti ń ṣiṣẹ́ lójúkan kí n tó rí èéfín búlúù tó ń rú ní ìdí sàlẹ́ńsà. Tí mo bá tẹ iná, á kọ́kọ́ rú gùdùgùdù, lẹ́yìn náà á mọ́ díẹ̀. Tí mo bá tún dúró síbì kan, ó tún dé.

Gbogbo ẹni tí mo fi hàn ló sọ pé síìlì tọ́bò, ìyẹn ohun tí wọ́n ní ó ń dá ọ́ìlì dúró kó má jò síta, ti lọ. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo yá tọ́bò ọ̀rẹ́ mi kan, èyí tí kò rú èéfín rí lára ọkọ̀ tirẹ̀, mo fi odindi ọjọ́ 2 tú tèmi, mo de tirẹ̀. Èéfín náà kò yí padà rárá. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá.

Síìlì tí gbogbo wa ń dárúkọ yẹn kì í ṣe rọ́bà bíi ti ìdí kíráńkì. Òrùka irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ìbátan rìngì pístìn. Ọ̀kan wà ní ẹ̀gbẹ́ èéfín, ọ̀kan wà ní ẹ̀gbẹ́ tó ń fún atẹ́gùn. Ṣáfútù, ìyẹn ọ̀pá àárín tọ́bò, tó lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan kò lè bá síìlì rọ́bà gbé. Ohun tó ń dá ọ́ìlì dúró gan-an ni pé àárín tọ́bò kì í kún: bí ọ́ìlì ṣe ń dé ni ó gbọ́dọ̀ máa bọ́ lọ, kó má ráyè gòkè dé ojú òrùka. Pọ́ńpù ló ń ti ọ́ìlì wọlé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń tì í jáde. Gbogbo agbára tó bá wọlé ti tán sáàárín bẹ́rìn àti ṣáfútù. Ìwúwo ara rẹ̀ nìkan ló fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ó sì ti pò mọ́ atẹ́gùn, ó ń hó bí ọṣẹ, ó ti wú. Ìdí nìyẹn tí hóòsì tó ń gbé e wọlé fi lè tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọdé, tí páìpù tó ń gbé e jáde sì gbọ́dọ̀ tóbi jù ú lọ fíìfíì. Láti ọjọ́ tí èyí ti yé mi ni mo ti ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé páìpù àbájáde gan-an ni síìlì tọ́bò.

Kí n tó gé ohunkóhun, mo fẹ́ rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Mo tú hóòsì àbájáde kúrò lára sọ́ńpù, ìyẹn agbada ọ́ìlì tó wà ní ìdí ẹ́ńjìnnì, mo dí ihò sọ́ńpù náà pa, mo sì fi hóòsì kúkúrú tó fẹ̀ dáadáa sọ̀ kalẹ̀ tààrà láti ìdí tọ́bò sínú ike funfun kan. Mo tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, mo pa á, mo wo ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì, mo bu ọ́ìlì tuntun dípò, mo tún tan án. Ẹ má ṣe gbàgbé ọ̀pá ìwọn yẹn tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, torí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni ẹ ń dà síta, kò sì pẹ́ tí yóò fi tán. Èéfín náà kò mọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; ọ́ìlì tó ti dà sínú páìpù èéfín ní láti jó tán ná. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún tí mo tan án, ìdí sàlẹ́ńsà mọ́ kedere. Tọ́bò kò ṣẹ̀ nígbà náà. Ọ̀nà tí mo là fún un ló burú.

Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, mo fi iná tọ́ọ̀ṣì tọ hóòsì àtijọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Inú rẹ̀ kò ju 10 mm lọ. Ó gba abẹ́ irin tí ẹ́ńjìnnì gbé ara lé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè díẹ̀ kó tó wọ sọ́ńpù. Níbi tó ti tẹ̀ sísàlẹ̀ yẹn, ọ́ìlì á dúró bí omi inú kòtò, á sì dènà èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Èyí tó tún burú jù ni pé ibi tí mo lu ihò sọ́ńpù sí wà nísàlẹ̀ ojú ọ́ìlì. Mo lù ú síbẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni diríìlì mi dé tí mi ò fi ní láti tú sọ́ńpù. Ọ́ìlì tí kò ní ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ, mo ní kó máa ti ọ́ìlì mìíràn sẹ́yìn kó tó ráyè wọlé.

Èyí tó gba ìrònú jù lọ nínú iṣẹ́ náà ni bí mo ṣe máa mọ ibi tí ojú ọ́ìlì dé láti ìta, nítorí sọ́ńpù kò ṣeé wò inú rẹ̀. Mo gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mo yọ ọ́ìlì, mo fi ẹnu páìpù kékeré kan dípò nọ́ọ̀tì ìdí sọ́ńpù, mo so hóòsì tó mọ́ gaara mọ́ ọn, mo sì gbé etí rẹ̀ kejì kọ́ sókè. Nígbà tí mo bu ọ́ìlì padà títí ó fi kan àmì òkè lára ọ̀pá ìwọn, ọ́ìlì inú hóòsì náà dúró ní ìpele kan náà pẹ̀lú ti inú sọ́ńpù. Mo fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sára sọ́ńpù níbẹ̀. Ihò àtijọ́ fi 30 mm wà lábẹ́ ìlà náà. Mo fa ìlà mìíràn ní 25 mm sókè ti àkọ́kọ́, mo ní etí ìsàlẹ̀ ihò tuntun kò gbọ́dọ̀ rékọjá rẹ̀ wá sísàlẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo tú sọ́ńpù sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá lu ihò sí i lórí ẹ́ńjìnnì ń fi èérún irin sínú ọ́ìlì tí bẹ́rìn rẹ̀ ń mu, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Mo fi irin dí ihò àtijọ́, mo gé tuntun, mo jó ẹnu páìpù tí inú rẹ̀ jẹ́ 19 mm mọ́ ọn, mo sì jó awẹ́ irin pẹlẹbẹ kan sí inú, kí ọ́ìlì tí kíráńkì ń fọ́n ká má bàa máa gbá ẹnu páìpù náà. Kí n lè mọ̀ bóyá ojú ibi tí mo jó ń jò, mo fi ẹfun kun ún láti ìta, mo da epo kẹrosíìnì sí inú, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní ibì kan ṣoṣo, ẹfun náà rin. Mo tún ibẹ̀ jó.

Ìdí tọ́bò fúnra rẹ̀ náà kò kọjú sísàlẹ̀ dáadáa. Mo tú àwọn bọ́ọ̀tì tó di àárín rẹ̀ mú, mo yí i títí ihò àbájáde fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sílẹ̀ gbọnrangandan, mo sì de wọ́n padà pẹ̀lú sùúrù, kí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ má bàa fara kan nǹkankan. Nígbà tí mo ṣí gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí rẹ̀, mo bá sílìkóònù tí mo fi lẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀: ó ti sun wọ inú ihò, ó sì ti gba bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà náà. Mo há a kúrò, mo fi gásíkẹ́ẹ̀tì irin nìkan sí i. Páìpù tuntun jẹ́ irin, ó sọ̀ kalẹ̀ láìsí ibi tó ti gòkè, hóòsì kúkúrú tí ọ́ìlì gbígbóná kì í bàjẹ́ sì so ó mọ́ sọ́ńpù. Mo fi aṣọ tí kì í gbiná wé hóòsì náà, nítorí páìpù èéfín kò jìnnà sí i.

Èéfín tó máa ń rú nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lójúkan tán lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo bá sá ọkọ̀ náà dáadáa tí mo sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ó ṣì ń yọ díẹ̀. Ó dùn mí, torí mo ti rò pé iṣẹ́ parí. Mo jókòó, mo ronú: inú sọ́ńpù ni páìpù náà ń dà sí, tí atẹ́gùn bá sì há sínú ikùn ẹ́ńjìnnì, á ti ọ́ìlì náà padà sókè bó ti wù kí páìpù fẹ̀ tó.

Mo fa hóòsì tó mọ́ gaara láti ẹnu ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì, mo gbà á láti ojú fèrèsé wọ inú ọkọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà U lára pátákó kan, mo bu omi sí i. Tí ojú omi méjèèjì bá fi 10 cm jura lọ, atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnnì ti fi nǹkan bí 1 kPa (ìwọ̀n agbára tí atẹ́gùn fi ń ti nǹkan) ju ti ìta lọ. Àbúrò mi gbé pátákó náà dání, èmi wa ọkọ̀. Lójúkan, omi kò mira. Nígbà tí tọ́bò bẹ̀rẹ̀ sí í fún atẹ́gùn, ó kígbe pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró o, omi ti fẹ́ dà sí mi lára!" Ó ti fi 30 cm jura lọ.

Fáàfù PCV, ìyẹn ẹnu ọ̀nà kékeré tí atẹ́gùn ikùn ẹ́ńjìnnì ń gbà padà sínú ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí sínú, ló fà á. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò ni wọ́n ṣe é fún, níbi tí atẹ́gùn kì í ti í padà wá bá a. Nígbà tí tọ́bò ń fún atẹ́gùn, ó ń gba inú rẹ̀ kọjá tààrà sínú ikùn ẹ́ńjìnnì. Mo fi fáàfù ọ̀nà kan tó lágbára sí ojú hóòsì náà, mo sì la ihò ìmí 2 tó fẹ̀ sí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, wọ́n wọ agolo tó ń gba ọ́ìlì, láti ibẹ̀ sí ojú páìpù tó wà ṣáájú tọ́bò. A tún wa ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà kan náà. Omi kò ju 2 cm lọ.

Àwọn kan ti gbà mí níyànjú pé kí n fi ihò 1 mm dín ọ́ìlì tó ń wọlé kù. Inú mi dùn pé mi ò ṣe é. Tọ́bò tó ní bẹ́rìn oníbọ́ọ̀lù lè fẹ́ irú rẹ̀. Tèmi jẹ́ ti bẹ́rìn gbọọrọ tí ọ́ìlì nìkan gbé dúró, ebi ọ́ìlì ni ìbá pa á. Ẹni tí tọ́bò rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ju sọ́ńpù lọ, páìpù nìkan kò lè gbà á. Ó ní láti fi pọ́ńpù tó lè fa ọ́ìlì gbígbóná tó ń hó gbé e padà sókè, kó sì fi iná ìkìlọ̀ sí i, nítorí bí pọ́ńpù náà bá dákẹ́, ọ́ìlì á kún tọ́bò láìpẹ́.

Lẹ́yìn 1,000 km, mo tú páìpù atẹ́gùn tó ti tọ́bò wá, mo fi aṣọ funfun nu inú rẹ̀. Aṣọ náà jáde ní funfun. Mo dá tọ́bò ọ̀rẹ́ mi padà fún un lọ́sẹ̀ yẹn. Èyí tí gbogbo wa pè ní òkú ni mo fọ̀, mo mi ṣáfútù rẹ̀ wò, mo rí i pé kò mì kọjá ààlà, mo sì dè é padà sáyè rẹ̀. Òun ló wà lórí ẹ́ńjìnnì náà títí di òní.